Olùtọ́jú Tí Ó Ti Òkèèrè Wá, àti Ọmọ Tí Ó Fi Sílẹ̀ Lọ

Ọ̀ràn kan wà tí àwa fẹ́ kí a jọ fi inú rò. Ó dàbí ẹni pé kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀, nítorí ta ni yóò bá ẹni tí ó ṣe oore jà? Síbẹ̀, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé oore pàápàá ní ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi í. Ọ̀ràn náà ni èyí: àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ òyìnbó àti láti ibòmíràn a máa fi ilé àti iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọn a sọdá òkun, wọn a wá sí ilẹ̀ Áfíríkà láti tọ́jú àwọn ọmọ tí ara wọn kò dá pé, láìgba owó iṣẹ́. Àwọn kan mọ bí a ti ń fi ọwọ́ àti ìdárayá tún iṣan àti oríkèé ara ṣe. Àwọn kan mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ wúwo ní ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn mìíràn mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí yóò ti máa bọ́ ara rẹ̀ àti bí yóò ti máa wọ aṣọ. Ẹlòmíràn nínú wọn dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹlòmíràn oṣù mẹ́ta, ẹlòmíràn ọdún méjì. Nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ọmọ náà kò lọ. Ǹjẹ́ kí ni irú àlejò bẹ́ẹ̀ jẹ ọmọ náà ní gbèsè, kí sì ni àwa onílé jẹ àwọn méjèèjì?

Àwa tí a ń gbé Ìgàngán, ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá, kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ó ti pẹ́ tí Ìbàràpá ti ń gba àlejò tí ó wá nítorí ìlera. Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì ń wá gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọn lè mọ bí àìsàn ti ń rí ní ilé àgbẹ̀, kì í ṣe lórí ibùsùn ilé ìwòsàn nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń lọ, òmíràn ń dé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá ẹnikẹ́ni lọ. Ní Ìdèrè ẹ̀wẹ̀, ará Amẹ́ríkà kan, William Brieger, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, bá àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ lórí àrùn sòbìà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àgbà tí ń kà á mọ ohun tí sòbìà jẹ́: ó sọ géńdé ọkùnrin di arọ ní àkókò tí ó yẹ kí ó wà lóko, ó sì mú ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ fún odidi oṣù. Ohun tí ó wù wá nínú iṣẹ́ ọ̀hún ni pé kò gbé gbogbo rẹ̀ ka orí ara rẹ̀. Àwọn ará ìlú ni a kọ́ ní ìtọ́jú, àwọn télọ̀ ìlú ni ó rán aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu. Ní ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí sòbìà mú ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 2013 àjọ ìlera gbogbo ayé fi ọwọ́ sí i pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìkórìíra àlejò ni ó mú wa kọ̀wé yìí. Ẹni tí ó ti jẹ oore àlejò ni ó lè sọ èyí tí ó dára nínú rẹ̀ àti èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Kí a má ṣe da ọ̀ràn méjì pọ̀. Iṣẹ́ ìwòsàn kan wà tí àlejò lè ṣe tán kí ó tó lọ. Oníṣègùn ojú tí ó bá yọ ohun funfun tí ó bo ẹyinjú arúgbó, bí ó bá ṣe é dáadáa, tí àwọn onílé sì bá a tọ́jú ojú náà títí yóò fi jinná, ó lè wọ ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ọmọ abirùn kì í ṣe iṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ oko ni. Ẹni tí ó kọ ebè, tí ó gbin iṣu, tí ó sì lọ kí iṣu tó ta, kò tíì ṣe àgbẹ̀, bí ó tilẹ̀ là àágùn púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ tí a bí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú. Ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú rẹ̀ ní ibi púpọ̀ ní ayé lónìí ni èyí tí oníṣègùn Ignacio Ponseti là sílẹ̀ ní Iowa, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. A kò ní la ẹsẹ̀ náà. Olùtọ́jú a fi ọwọ́ rọra fa ẹsẹ̀ náà síta díẹ̀, a fi símẹ́ńtì funfun tí a fi ń di egungun dì í. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan a tú u, a tún fà á síta díẹ̀ sí i, a tún dì í, títí yóò fi di bí ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí, fún púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, a ó fi abẹ kékeré gé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀, a ó sì tún di ẹsẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà náà ni bàtà onírin yóò wọlé. Oṣù mẹ́ta ni ọmọ yóò fi wọ̀ ọ́ tọ̀sán tòru. Lẹ́yìn náà yóò máa fi í sùn títí yóò fi tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí ìyá rẹ̀ bá bọ́ ọ kí ọjọ́ tó pé, nítorí pé ọmọ ń sunkún tàbí nítorí pé àwọn aládùúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹsẹ̀ náà lè padà yí sínú.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Àlejò tí ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò di ẹsẹ̀ ọmọ náà ní ìgbà mẹ́ta, ó pọ̀ jù ìgbà mẹ́rin. Yóò yọ̀, nítorí yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹsẹ̀ náà ń nà. Yóò ya àwòrán rẹ̀. Ta ni yóò tú símẹ́ńtì kẹrin? Ta ni yóò gé iṣan? Ọdún mẹ́rin ni bàtà onírin, ẹsẹ̀ ọmọ a sì máa dàgbà: ta ni yóò pààrọ̀ bàtà náà nígbà tí kò bá gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́?

Ti ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa ní ìgbà ìbí, tàbí ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, tún gùn ju èyí lọ, nítorí kò sí ọjọ́ tí a ó sọ pé ìtọ́jú rẹ̀ parí. Òun ni ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò gbé orí, tí itan rẹ̀ méjèèjì pa ara wọn pọ̀ bí àlùmọ́gàjí, tí oúnjẹ ń há lọ́nà ọ̀fun. A kò lè sọ ọpọlọ náà di titun. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a máa gbé e jókòó ní igun ògiri kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè nà. Kí a má ṣe fún un ní oúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀, kí ẹ̀kọ má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kí a máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí oríkèé má baà gan. Kí a ri ọparun méjì mọ́lẹ̀ ní ìbú ní àgbàlá, tí yóò máa dì mú nígbà tí ó bá ń kọ́ ìrìn. Kò sí ohun kan nínú èyí tí ó ṣòro lójú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ojoojúmọ́ ni. Ẹni kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni ìyá, tàbí ìyá àgbà, tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin.

Ẹnìkan yóò wí pé: “Ẹni tí ebi ń pa kì í bi ẹni tí ó fún un ní àkàrà léèrè iye ọjọ́ tí yóò fi máa fún un.” Ọ̀rọ̀ yìí ní agbára, àwa kò sì fẹ́ fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ìyá mìíràn wà tí ó ti pọ̀n irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ láìsí ẹni tí ó bá a gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí àlejò kan bá wá, tí ó pe ọmọ náà ní orúkọ rẹ̀, tí ó jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lórí ẹní, tí ó pa á lẹ́rìn-ín fún oṣù kan, ta ni yóò sọ pé asán ni oṣù náà? Àwa kò ní sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n inú ọmọ kì í ṣe ikùn nìkan, ìrètí pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó ti kọ́ láti na ọwọ́ sí ẹnìkan, tí ẹni náà sì pòórá, tí òmíràn dé ní oṣù tí ó tẹ̀lé e pẹ̀lú ọ̀nà mìíràn, tí òun náà sì pòórá, yóò kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò pinnu láti kọ́ ọ. Ohun tí ó bà wá lẹ́rù jù sì ni ti ìyá. Nígbà tí olùtọ́jú bá ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ìyá sì jókòó lórí àga tí ó ń wò ó bí ẹni wo eégún, ìyá náà yóò gbà nínú ara rẹ̀ pé ọwọ́ àlejò ni oògùn, pé ọwọ́ tirẹ̀ kò ní ohun kan nínú. Bí àlejò bá lọ, ó kó oògùn lọ. Ọmọ náà wá burú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí kí àlejò tó dé, ìyá rẹ̀ ṣì ń gbìyànjú.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ará Samáríà láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n a máa ń dúró pẹ́ lórí apá kìíní rẹ̀, a sì máa ń sáré kọjá apá kejì. Arìnrìn-àjò ni ọkùnrin náà. Ó ní ibi tí ó ń lọ. Ó tọ́jú ọgbẹ́, ó gbé ẹni náà dé ilé èrò, ó sun oorun ọjọ́ kan níbẹ̀, ní ọjọ́ kejì ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, a kò sì dá a lẹ́bi pé ó lọ. Nítorí náà, lílọ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kíyèsí ohun tí ó ṣe kí ó tó lọ. Ó fa ẹni náà lé ọwọ́ ẹni tí kò ní lọ. Ó fi owó sílẹ̀. Ó sì sọ pé òun ń padà bọ̀, pé bí ìnáwó bá lé, òun ni kí a bi. Ìwàásù lórí ará Samáríà kò ní òǹkà; èyí tí a ti wàásù lórí onílé èrò ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ sì ni, lọ́wọ́ onílé èrò ni ọkùnrin náà ti sàn.

Bí a bá fi ojú yìí wo àwọn tí ó ti wá rí, a ó lè ya ọkà sọ́tọ̀ kúrò lára ìyàngbò. Ní ọdún 1945, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa ń ti ogun bọ̀ pẹ̀lú egungun fífọ́ àti apá gígé, a dá ilé ìwòsàn Igbóbì sílẹ̀ ní Èkó nítorí wọn, àwọn olùtọ́jú iṣan méjì sì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ní iṣẹ́ náà kí wọ́n lè jẹ́ olùrànlọ́wọ́. Láti inú irúgbìn kékeré yẹn ni iṣẹ́ náà ti dàgbà, títí Yunifásítì Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè nínú rẹ̀ ní ọdún 1966. Àlejò méjì, onílé èrò púpọ̀.

Ti Andrew Foster tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùkọ́ ni, kì í ṣe olùtọ́jú ara. Adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà ni, a bí i ní Alabama ní ọdún 1925, àìsàn sì sọ ọ́ di adití nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní ọdún 1954 òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ní ọdún 1957 ó dé Accra, ó sì bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn adití; ní ọdún 1960 ó dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Enugu àti Kaduna sì tẹ̀lé e. Nígbà tí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti dá sílẹ̀ ní Áfíríkà tó bí ọgbọ̀n. Ó lè ṣe èyí nítorí pé àwọn adití Áfíríkà ni ó sọ di olùkọ́. Ọmọ adití tí ó wọ kíláàsì bá àgbàlagbà tí ó dàbí rẹ̀ níwájú, tí ó mú ẹfun lọ́wọ́, ó sì rí ohun tí òun náà lè dà.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ má sọ ìyókù. Àmì ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni Foster mú wá, òun náà sì ni ó gbòde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití wa títí di òní. Adití ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀. Ó ní ọ̀nà tí ó fi ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó fi ń ná ọjà, tí ó fi ń fẹ́ ìyàwó. Àwọn àmì wọ̀nyí kò rí ìjókòó ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà wá ń fi àmì kan bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì tí ìyá rẹ̀ nílé kò gbọ́. Àwa kò sọ èyí láti dín iyì ènìyàn rere náà kù. A sọ ọ́ nítorí pé àlejò tí ó dára jù lọ pàápàá a máa ru ilé tirẹ̀ lórí wá, kò sì ní mọ̀ bí onílé kò bá la ẹnu.

Àwọn baba wa sọ pé ojú àlejò a tóbi, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ìbàdàn rí àpẹẹrẹ èyí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1961. Àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps ti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ìmúrasílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Margery Michelmore, kọ ìwé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn káàdì alálàwòrán, ó sì sọ nínú rẹ̀ bí ìdọ̀tí ìlú náà ti yà á lẹ́nu tó, àti pé ìta gbangba ni àwọn ènìyàn ti ń se oúnjẹ tí wọ́n sì ti ń tajà. Káàdì náà bọ́ sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i, wọ́n da á kọ, wọ́n pín in káàkiri, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì padà sí ilé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo sí i: ta ni nínú wa tí yóò sọ pé a kì í dín àkàrà ní ìta ní Ìbàdàn? Kò parọ́. Ohun tí ó dunni ni pé ó ti sọ irú ènìyàn tí a jẹ́ fún ẹlòmíràn kí ó tó jókòó pẹ̀lú wa, àti pé ẹ̀yìn wa ni ó ti sọ ọ́.

Ní òní, kò sí ẹni tí ó nílò káàdì. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo àlejò. Àwòrán ọmọ tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí a kò wọ aṣọ fún dáadáa, lè dé ẹgbẹ̀rún ilé kí ìyá rẹ̀ tó parí ìfọṣọ, wọn a sì sọ pé kí a lè fi wá owó fún un ni. Bóyá owó wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò dàgbà, àwòrán náà kò sì ní dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ní fi ọmọ tirẹ̀ hàn bẹ́ẹ̀ ní ìlú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi tiwa hàn. Bí ó bá béèrè lọ́wọ́ ìyá, kí ó béèrè ní èdè tí ìyá gbọ́, kì í sì í ṣe ní àkókò tí ìyá ń bẹ̀rù pé bí òun bá kọ̀, ìtọ́jú yóò dúró.

Nísinsìnyí, kí a yí ojú sí ara wa. Bí àlejò bá dé Ìgàngán lọ́la láti tọ́jú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ǹjẹ́ yóò rí wọn? Púpọ̀ nínú wọn wà nínú yàrá. Àwọn mìíràn wà nínú ìjọ tí ń pè wọ́n ní ọmọ ayé, tàbí tí ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ni. Àwọn baba ńlá wa tí kò mọ ìwé a máa pe ẹni tí a bí ní arọ tàbí abuké ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní ọwọ́ kan náà tí ó mọ wá ni ó mọ ọ́n, wọn kì í sì í fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó yẹ kí ojú ti wa bí àwa tí a ti kàwé bá ṣe kù díẹ̀ sí ti wọn. Ìjọba Nàìjíríà fi ọwọ́ sí àdéhùn gbogbo ayé lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2010. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ó sọ ọ́ di òfin pé a kò gbọdọ̀ ya abirùn sọ́tọ̀. Òfin kò lè ṣí ìlẹ̀kùn yàrá.

Nígbà tí a sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan há a láàrin fún àwọn ìyá. Ọmọ titun tí ojú àti ara rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, tí kò sì fẹ́ mu ọmú, kì í ṣe èyí tí a ń fi sí oòrùn kí a máa wò ó. Ilé ìwòsàn ni, ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí ohun tí ń sọ ara di pípọ́n náà lè wọ ọpọlọ lọ kí ó sì bà á jẹ́. Kánfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ ọmọ, tí a rò pé ó ń lé kòkòrò, lè dá irú pípọ́n bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú aṣọ ọmọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ tí ó sọ ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa di arọ, a ti lé irú rẹ̀ tí ó jẹ́ àdánidá kúrò ní Áfíríkà, a sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Ẹ̀kán oògùn lẹ́nu ọmọdé ni ó ṣe é, pẹ̀lú àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé.

Ohun mìíràn tún wà tí onílé ní tí kò mọ̀ pé òun ní. Ìyá àgbà tí ń wẹ ọmọ ní àgbàlá, tí ń fi omi gbígbóná ra á, tí ń na apá rẹ̀ sí òkè, tí ń pa ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún tí ó sì tún ń nà án, ti ń ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú iṣan kí a tó gbọ́ orúkọ iṣẹ́ náà. Pípọ̀n ọmọ sẹ́yìn pẹ̀lú itan rẹ̀ méjèèjì ní yíyà pẹ̀lú, àwọn oníṣègùn egungun ti kíyèsí i pé ní ilẹ̀ tí a ti ń pọ̀n ọmọ bẹ́ẹ̀, ìgbaròkó ọmọ kì í sábà yẹ̀. Ọmọ tí itan rẹ̀ ń pa pọ̀ rí ànfààní nínú rẹ̀ jù ẹnikẹ́ni lọ. Bí àlejò tí ó gbọ́n bá dé, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ń wẹ ọmọ nínú ilé, kí ó jókòó ti ìyá àgbà náà ní òwúrọ̀ mẹ́ta láìfi ọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó sì fi ohun tí ó mọ̀ lé orí ohun tí ó bá níbẹ̀. Iṣẹ́ tí a fi kún ìwẹ̀ ọmọ kò ní dúró ní ọjọ́ tí àlejò bá lọ, nítorí ìwẹ̀ ọmọ kì í dúró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti irinṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ arọ tí a rà ní ilẹ̀ òyìnbó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré tí a ṣe fún ilẹ̀ dídán, kò ní pẹ́ kú sí ojú ọ̀nà wa ní ìgbà òjò, kò sì sí ẹni tí ó ní táyà rẹ̀. Dókítà Awójọbí, oníṣègùn iṣẹ́ abẹ tí ó dé Ẹ̀rúwà ní ọdún 1983, tí ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1986, tí kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2015, mọ ọgbọ́n yìí. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó fi ṣe ẹ̀rọ tí ń yí ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bí ó bá bàjẹ́, ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìdí ọjà lè tún un ṣe. Ó lè gbé Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù bí ó bá fẹ́.

Èyí ni ó mú wa dé orí àwọn ọmọ wa tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú yìí ní Ìbàdàn tàbí ní ibòmíràn, tí wọ́n sì ń sọdá òkun. A kò lè dá ẹni tí ó wá oúnjẹ lọ lẹ́bi. Owó oṣù tí kò tó jẹun kì í ṣe ohun tí a ń fi ìwàásù bò. Ṣùgbọ́n ó ṣe wá ní kàyéfì pé ọmọ wa ń na apá ọmọ òyìnbó ní ilẹ̀ wọn, tí ọmọ òyìnbó sì ń wá na apá ọmọ wa níhìn-ín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìjọba wa pàápàá ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1987, nígbà tí Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tí a ń pè ní Technical Aid Corps, tí ń rán àwọn oníṣègùn, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Caribbean àti Pacific tí ó bá béèrè fún wọn. Ọdún méjì ni wọ́n ń lò. Ohun méjì wọ̀nyí wù wá: pé a béèrè kí a tó rán wọn, àti pé ọdún méjì ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí iṣẹ́ àánú ní òkèèrè, kí ó fi wọ̀n ara rẹ̀: ta ni ó pè mí? Títí di ìgbà wo ni mo lè dúró? Bí ìdáhùn kejì bá kéré, kí ó má ṣe fi ọwọ́ kan ọmọ rárá. Kí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ láti kọ́ àwọn tí yóò dúró, kí ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí ó sì máa gbé ìpè wọn nígbà tí bàtà onírin kò bá gba ẹsẹ̀ mọ́.

Ta ni yóò ṣe onílé èrò ní Ìgàngán? Olùkọ́ ni ojú wa ń wò. Òun ni ó ní ìwé orúkọ lọ́wọ́, òun ni ó sì mọ ilé tí ọmọ mẹ́rin ti ń wá sí ilé ẹ̀kọ́ tí a sì gbọ́ pé márùn-ún ni wọ́n. Kí ó lọ sí ilé náà ní ọjọ́ Sátidé, kì í ṣe pẹ̀lú ìwé òfin, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó wá kí ni. Kí ó béèrè ọmọ karùn-ún ní orúkọ rẹ̀. Ọparun wà ní etí odò, kò ní gba ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ láti ri méjì mọ́lẹ̀, kí gíga wọn tó ìbàdí ọmọ náà, kí àlàfo wọn sì fẹ̀ tó èjìká rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ sí i.